Èémí Adènà

Ní Winnipeg, nínú oṣù kìíní,
òtútù fi ìwọ̀n mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rẹlẹ̀ ju òdo lọ.
Mo gba yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, lójú ọ̀nà Sargent,
wákàtí mẹ́ta, ọ̀fẹ́.
Àga mẹ́rin, kọ̀ǹpútà kan, páàdì méjì
tí ọ̀kan nínú wọn ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́,
àti páálí dónọ́ọ̀tì kan, kí ojú má baà tì mí.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
Ọdún méjì ni mo ti mọ Adènà,
mo mọ ibi tí ó ń gbà gbé kùmọ̀;
mo lè fi ọwọ́ kan jẹun, kí n fi ìkejì pa á.
Mo wá ń wá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Géèmù náà kò ju báyìí lọ:
afárá kan, òmìrán kan, ìwọ.
O kọjá, tàbí o kú.

Natnael, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó bínú.
"Màgòmágó ni ọ̀gá yìí ń ṣe.
Ó ti lù mí kí kùmọ̀ rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀."
Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀.
Ó gbé páàdì lé mi lọ́wọ́: "Ẹ wò ó."
Mo wò ó.
Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Orest kò tilẹ̀ wo Adènà.
Ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè.
"Afárá yìí kò ní òpó," ó ní. "Kí ló gbé e dúró?"
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: òpó.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan kò sọ orúkọ.
Ó jẹ dónọ́ọ̀tì méjì, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú ìwé mi:
Kò dùn.
Ó wọ bàtà yìnyín rẹ̀, ó lọ.

Luzviminda ló dé kẹ́yìn,
láti ibi iṣẹ́ òru ní ọsibítù,
aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lábẹ́ kóòtù.
Ó kú lẹ́ẹ̀mejìlélógún, kò bú ẹnikẹ́ni.
Lẹ́yìn náà ó di ojú.
Ó di ojú, mo sì rí Adènà tó wó lulẹ̀ bí ilé ẹlẹ́rẹ̀.
"Mi ò wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́," ó ní.
"Ó máa ń mí kí ó tó lù.
Ta ló ni èémí yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá mi ni,
mo gbà á sílẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan
tí wọ́n ń gun òkè bọ̀ láti oko.
Òun kò rẹ́rìn-ín.
"Tún un fi sí i. Gbọ́ ìparí rẹ̀.
Nǹkan kan ń súfèé nísàlẹ̀ níbẹ̀.
Ní kí dókítà gbọ́ àyà rẹ̀. Má fi falẹ̀."

Mo délé, mo dá kùmọ̀ dúró díẹ̀ sí i lókè, nítorí Natnael.
Mo ri òpó mẹ́fà mọ́ ìsàlẹ̀ odò.
Kò dùn, n kò rí oògùn rẹ̀.

Agogo méjìlá òru lọ́dọ̀ mi,
méje àárọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé.
"Ṣé kò sí nǹkan?" ni bàbá mi wí.
Mo ní, "Kò sí. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀, kí n máa gbọ́."
"Kí n sọ kí ni?"
"Ohunkóhun."
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn ewúrẹ́ aládùúgbò
tó já wọ ọgbà, tó jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán.

Mo di ojú.
N kò lè sọ ohun tí ewúrẹ́ náà ṣe lẹ́yìn náà.
Ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni mò ń dúró dè,
bí ẹni tó wà lórí afárá,
tí kùmọ̀ ti wà lókè.