Géètì

Ọ̀gá ní kí n pín fáìlì sí ọ̀nà méjì:
èyí tó ti ọgbà wá, lápá ọ̀tún,
èyí tó ti inú fóònù wá, lápá òsì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ tí a ń da èèpo kájú sí.

Iṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀
nílé-iṣẹ́ wa, Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà Ìlọrin.
Ìwé ìwáṣẹ́ mẹ́tàlélógójì ló wọlé.
Mo ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà,
òkúta sọ́tọ̀, ẹ̀wà sọ́tọ̀,
àmọ́ n ò mọ èwo ni òkúta.

Ti Ìbíwùmí ló kẹ́yìn.
Ọdún mẹ́jọ ló ti ń wọn kájú nídìí òṣùwọ̀n,
oró èèpo ti jẹ ìka rẹ̀ dúdú.
Ó gboyè ìṣirò-owó nílé ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́,
ìwé ẹ̀rí náà mọ́ tónítóní nínú ọ̀rá.

Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn,
ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bí ẹni ń wá ayédèrú náírà.
"Ìbíwùmí, níbo ni géètì yunifásítì rẹ wà?"

Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún.
Ó ní, "Ọ̀gá, géètì mi wà ní Arówómọ́lé,
lẹ́yìn ilé Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù,
irin tí wọ́n gbé táǹkì omi lé.
Àtẹ̀gùn rẹ̀ mẹ́rìnlá, ìkẹsàn-án ti já.
Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń yọjú,
láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru, tí dátà ò wọ́n.
Mo fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra, mo gùn ún.
Nígbà tí mo fi dé ọdún kẹta,
ọmọ náà ló ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú nísàlẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà.
Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló rí ọ?
Ta ló mọ̀ bóyá ìwọ lo jókòó ìdánwò,
àbí àbúrò rẹ, àbí ẹ̀rọ ló bá ọ dáhùn?
Ní tiwa, olùkọ́ mọ ojú wa."

Ìbéèrè yẹn, n ò lè ní kò tọ́.
Mo mọ ẹnìkan tó fowó ra tirẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo mọ iye ọdún tí ọ̀gá náà lò lọ́gbà:
ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ó di méje,
ìyanṣẹ́lódì gorí ìyanṣẹ́lódì.
Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́, tó bá ti mu tíì tán,
bí wọ́n ṣe ń pé ẹgbẹ̀ta nínú yàrá igba èèyàn,
tí òun ń ti ojú fèrèsé kọ nóòtì.
Olùkọ́ wo ló mọ ojú ẹni tó wà lójú fèrèsé?

N ò sọ ọ́. Owó oṣù mi ò tó àròyé.

Lóde, lọ́rí tó fẹ́ kó kájú lọ sí èbúté dúró,
wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lẹ́yìn gàdàgbà:
Ọ̀NÀ KAN Ò WỌJÀ.
Ọ̀gá ló ni lọ́rí náà.
Òun ló sanwó ọ̀dà.

Ìbíwùmí kúnlẹ̀, ó dìde, ó padà sídìí òṣùwọ̀n.
Kò pẹ́, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti fèrèsé:
"Àpò mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, kì í ṣe mẹ́rìnlélọ́gọ́rin!
Awakọ̀, ẹ tún un kà!"
Ọ̀gá gbọ́ ọ. Ó ń yí bírò lọ́wọ́.
"Fáìlì yẹn," ló wí nígbẹ̀yìn,
"má tíì gbé e sápá kankan."

Ó wà lórí tábìlì mi títí dòní,
kò sí lọ́tùn-ún, kò sí lósì,
ìdí ife tíì ti ṣe àmì róbótó sí i lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọ̀gá:
lóru àná, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, lórí òrùlé onílé mi,
èmi náà gbé fóònù sókè,
mò ń wá géètì.