Àlàfo Àárín Irin

Bíàó, bàbá mi, fi ọdún mọ́kànlélógún tọ́jú ojú irin
ní ìhà Ṣábẹ̀ẹ́ yìí. Ibi tí irin kan bá parí sí,
kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀,
àlàfo kan ń bẹ níbẹ̀ tí àtàǹpàkò kò lè wọ̀.
"Irin ní láti mí," ni ó wí. "Bí oòrùn bá kàn án, á gùn."
Mo ní báwo ni àlàfo ọ̀hún ṣe lè kéré tó?
"Kò gbọdọ̀ jẹ́ òfo. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

Ọkọ̀ kì í kọjá níbẹ̀ mọ́.
Èmi ni mo mú ẹfun lọ́wọ́ ní lísè,
òkè olókùúta ń wò wá láti ojú fèrèsé.
Mo ní, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn:
nọ́ńbà kan wà tó ju òfo lọ,
ṣùgbọ́n ẹ pín ẹyọ kan sí ogún, sí igba,
sí ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́,
ìpín tó bá kàn yín á ṣì jù ú lọ.

Afúsátù nawọ́. "Madáàmù, ta ló rí i rí?"

Ta ló rí ẹyọ kan rí?
Iṣu kan la rí, ewúrẹ́ kan, ìyá kan.
"Kan" tó dá dúró, wọn kì í tà á.
Ẹni tó fẹ́ dá oko, kó tó kọ ebè, á kọ́kọ́ sọ ààlà.
A kì í bi ààlà pé níbo lo ti wá,
à ń bi í bóyá yóò dá ìjà sílẹ̀.

"Bí mo bá wá yọ ọ́ nínú ogún ńkọ́?"
Ogún ó dín bíńtín, ni mo wí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní ẹ fi bíńtín pín ẹyọ kan,
ẹ ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé, òmìrán tí ẹnikẹ́ni kò ní kà dé.
Síbẹ̀, òfin tó de ẹẹ́fà ló de òun náà:
ó ní aládùúgbò lẹ́yìn, ó ní níwájú,
a sì lè bi í bóyá ó ṣe é pín sí méjì ọgbọọgba.

Afúsátù káwọ́ gbera. "Mi ò tíì gbà."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀: kò tíì gbà.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ lóṣòó sí ojú irin.
Iyẹ̀pẹ̀ ti dí àlàfo bàbá mi, koríko ti hù lé e.
Mo fi èékánná wá a.
Èèrà kan yọ jáde,
lẹ́yìn rẹ̀ òmíràn.
Mi ò kà wọ́n.