Àgádágodo

Mo ti tì í. Mo gbọ́ nígbà tó ké "kà".
Mo dé ìdí ọsàn, mo yíjú padà.
Ẹnu mi ní mo tì í. Ojú mi ní òun ò rí i.
Ọwọ́ mi ní ká padà lọ bi irin léèrè.
Ẹ̀ẹ̀meje. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.
Onísẹ́mì ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ń jẹ ẹ̀pà,
àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ka orúkọ ara wọn tán
láìsí tíṣà níwájú pátákó.

Ní Kétu níbí, ìlú Àkàbà Ìdẹ̀nà,
àwọn baba wa ti ilẹ̀kùn odindi ìlú, wọ́n sì sùn.
Èmi, pákó méjì àti irin tí mo rà ní Pọ̀bẹ̀
kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Adéṣínà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ti Íńdíà dé.
Ó ní àgbà oníṣègùn kan lọ́hùn-ún
a máa pe irú èyí ní afẹ́fẹ́:
afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wọ orí, tó ń ṣí ojú ìwé kan náà,
tó ń pa á dé, tó ń ṣí i.
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò ròyìn ọyẹ́ fún ará Kétu?
Ètè là, a fi òrí pa á. Gìgísẹ̀ là, a fi òrí pa á.
Orí gan-an la gbàgbé.

Ìyẹn ni Ọmọ́bùnmi fi ń yọ́ òróró yànmọ̀tí nírọ̀lẹ́,
kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun,
a rọra dà á sí àtàrí mi,
a ní kí n máa ka èémí, kí n yé ka ilẹ̀kùn.
Hóró oògùn dókítà Kútọnu, mo ṣì ń lò ó;
Adéṣínà ní bí mo bá sọ ọ́ nù, òun á gba òróró òun.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo rí ojú ìka mi lára àgádágodo,
ó ń dán. Òróró ti jẹ́rìí sí mi!
Inú mi dùn títí dé ìdí ọsàn,
kí n tó padà lọ wò ó bóyá ó ṣì ń dán.
Ọmọ́bùnmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Àìsàn yìí gbọ́n ju tíṣà lọ.

Lónìí, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìkẹrin ń pè mí.
Mo dúró sí ìdí ọsàn, àyà mi ń lù kìkì,
mo ka èémí kan, mo ka èjì,
òróró àná ṣì ń ta sánsán lẹ́yìn etí mi.
Onísẹ́mì gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ṣòkòtò:
"Tíṣà, ṣé ká lọ?"
N ò tíì dá a lóhùn.
Ẹsẹ̀ mi kan ti wà lórí alùpùpù ná.