Ẹsẹ̀ Wo Lo Fi Ń Ṣíwájú?

Afẹ́fẹ́ ti dá àga olókùn dúró láti aago mẹ́sàn-án.
Àwọn àga ń mì lójú òfuurufú, kò sí ìdí tó jókòó lé wọn,
àwọn mẹ́jọ sì há mọ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù,
bàtà wọn ń dún gbàgà gbàgà lórí pákó ilẹ̀,
yìnyín ń yọ́ léjìká wọn, ó ń kán sórí sítóòfù,
iná ń pòṣé.

Iṣẹ́ tèmi ní Mestia kò ju èyí lọ:
mo ń pọ́n etí pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín,
mo ń fi ìda gbígbóná pa á níkùn
bí ìyá tí ń fi òróró para ọmọ.
N kò gùn ún rí. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jáde lẹ́nu yín.

Lamara ló ní kí kálukú sọ ara rẹ̀:
orúkọ, ibi tó ti kọ́ ọ, ẹsẹ̀ tó fi ń ṣíwájú.
“Òsì ni tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí
tí ẹ̀gbọ́n mi gbé mi lé ìdérí àpótí ọkà,
ó tì mí, ó ní Ọlọ́run ń dúró dè mí nísàlẹ̀.
Kì í ṣe Ọlọ́run. Màlúù bàbá Murtaz ni.”
Ẹnu Murtaz kún fún búrẹ́dì ẹlẹ́ran:
“Màlúù yẹn ò gbàgbé rẹ títí ó fi kú.”

Wietske ní ìlú àwọn ò ní òkè, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí àwo.
Inú gbọ̀ngàn kan ló ti kọ́ ọ, ẹ̀rọ ló ń ṣe yìnyín ibẹ̀,
bí o bá yọ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ ni.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.
Mo ti fọwọ́ pa etí pákó rẹ̀:
obìnrin yìí mọ bí a ti ń dúró.

Tsotne dìde kó tó sọ tirẹ̀.
Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ife ẹ̀yẹ méjì,
ó ti fò ju òrùlé ilé-ìṣọ́ àwọn baba wa lọ.
Mo rántí ikùn pákó rẹ̀, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n rà á.
Ẹnu a máa rìn jìnnà ju ẹsẹ̀ lọ.
Mo ń ro ìda mi.

Natia ò gbójú sókè.
“Ọ̀tún ni tẹ́lẹ̀.
Láti ìgbà tí òkìtì yìnyín ti wó lù wá, òsì ni.
Ọ̀tún ò gbà mọ́.”
“Lù wá” ló wí, kò wí pé “lù mí”.
Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹnì kejì.
Murtaz gé búrẹ́dì, ó fún un ní èyí tó tóbi jù.

“Gocha, ìwọ ńkọ́?”

Kí ni kí n wí? Mo mọ gbogbo pákó àfonífojì yìí níkùn,
mo mọ ẹni tí yíyà sápá òsì ń bà lẹ́rù,
mo mọ ẹni tó gba orí òkúta nítorí ìbínú.
Lọ́dọ̀ wa, lọ́jọ́ ọdún tuntun,
ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ẹnu ọ̀nà ló ń gbé oríire ilé wọlé,
ọ̀tún ni yóò sì fi wọ̀ ọ́.
Ìyẹn nìkan ni ìmọ̀ mi nípa ẹsẹ̀.
Mo wo bàtà rọ́bà mi méjèèjì. Ọ̀kan ti lu.
“Ẹsẹ̀ mi,” mo ní, “ẹsẹ̀ mi...”

Ẹ̀rọ bú lókè. Okùn ń lọ!
Wọ́n gbá pákó mọ́ra, wọ́n tú jáde,
Tsotne ni ó ṣáájú, kí n má purọ́ mọ́ ọn.
Mo yíjú sí ìda mi.
Lójijì, ọwọ́ kan tì mí lẹ́yìn,
mo ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, mo fẹsẹ̀ kan gba ara mi dúró.

Natia wo ilẹ̀, ó wo ojú mi.
“Ọ̀tún,” ló wí,
ó sì fa ilẹ̀kùn pa dé.

Ìda ń jóná. N kò tíì gbé ẹsẹ̀ náà kúrò.