Màjàlà Lórí Aṣọ Funfun

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń fọ aṣọ ibùsùn kan náà
láìrí àlejò tí yóò sùn lé e.
Mo sá a sẹ́yìn ilé ìgbàlejò Ìyá Makẹ́lífì,
afẹ́fẹ́ ti orí òkè wá, ó fi ìka dúdú tọ́ ọ wò,
mo tún ká a wọlé, mo tún bu ọṣẹ sí i.

Ní Òkè-Ògùn tí wọ́n bí mi sí,
bàbá mi a máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná sí igbó.
Ọ̀yà á sá jáde,
màjàlà á lọ sọ fún ará ilé pé oko ti jó.
Bí àkọ́rọ̀ òjò bá bọ́, koríko á yọ.
Kò sẹ́ni tó ń sunkún igbó.

Ṣùgbọ́n ní Lọkiránsà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni igi ìdáná.
Ilẹ̀ o! Wọ́n ń gé e bí ọṣẹ, wọ́n ń sá a gbẹ,
wọ́n ń fi í yáná nígbà òtútù.
Nígbà tí òkè wá jó lóṣù Igbe,
iná kú lójú, kò kú nínú.
Wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú;
èyí feérú bojú, ó ń mí lábẹ́ ìbòjú.
Dọ́gàlì tó ń pín lẹ́tà lójúmọmọ,
tó ń di panápaná lálẹ́,
fàtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó yára fà á padà.
“Ó ṣì wà ńbẹ̀,”
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àìsàn ìyàwó rẹ̀.
Àgbọ̀nrín mẹ́ta ń rìn láàárín títì, wọn ò yà fún mọ́tò.

Fóònù ń dún. Ẹ jọ̀ọ́, a ò lè wá mọ́.
Ẹ jọ̀ọ́, owó wa ńkọ́?
Ìyá Makẹ́lífì ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí orúkọ wọn,
kò lo bírò.

Ẹni tó dáná ọ̀hún, yàrá kejì ló sùn.
Ẹran ló fẹ́ yan lórí òkè, kó máa wo òkun.
Ó sanwó pé kó tó lọ,
ó sì fi pọ́n-ùn márùn-ún sílẹ̀ fún mi lábẹ́ ìrọ̀rí.
Ó wà nínú àpò épírọ́ọ̀nù mi títí di òní.
N kò lè ná an. N kò sì lè sun ún níná.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi gbé àkọ́kọ́ wọn dé:
tọkọtaya láti Lídísì, àti ọmọbìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká.
Ojú tì mí nítorí òkè tí kì í ṣe tèmi,
bí ẹni tí àlejò ká mọ́ àgbàlá àìgbá.
Ọkùnrin náà yọ fóònù, ibi tó jó jù ló ń yà.
Ìyá Makẹ́lífì kọjú sí òkun.
“Ta ló kun òkè yín ní dúdú?” Ọmọ náà ni.
Dọ́gàlì la ẹnu, ó wo báàgì wọn,
ó gbé èyí tó wúwo jù.

Láàárọ̀ mo bá àtẹ́lẹsẹ̀ mẹ́ta lórí aṣọ funfun,
kékeré, dúdú kirikiri, wọ́n ń lọ síhà fèrèsé.
Ewé tútù kan, kò tó èékánná, lẹ̀ mọ́ ọ̀kan.
Mo gbé omi kaná.
Omi hó, ó hó, mo ṣì ń wò ó.