Ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún

Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ní Bíṣíkẹ́ẹ̀kì,
pé kí n lọ fi gba èrò.
Ìbéèrè mẹ́rìnlélógójì, ní èdè méjì.
Báǹkì tó yá ìjọba lówó ń fẹ́ mọ̀
ohun tí ojú wa rí lára owó náà.

Ọ́fíìsì tó móoru ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
Igbákejì ọ̀gá kan, tíì rẹ̀ ń rú èéfín,
ó ní, "Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Kọ mẹ́jọ síbẹ̀ yẹn
kó má baà dà bíi pé mò ń wá ojúure."
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, a ti parí.
Oníròyìn kan ní oókan, ó fọwọ́ lu tábìlì,
ó ní kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ni mo wọkọ̀ lọ sí Kok-Jilga,
wákàtí méje, òkè lórí òkè,
yìnyín lórí wọn bí ìyẹ̀fun tí ọmọdé dà nù.
Àwọn ẹṣin gbọ́ ìró ọkọ̀ wa, wọ́n kẹ̀yìn sí wa.

Ilé Ìyá Bubusara ló gbẹ̀yìn nínú ìwé mi.
Ó bu wàrà abo ẹṣin fún mi. Ó kan. Ó ta mí lẹ́nu.
Mo ní, "Ìyá, láti oókan dé ẹẹ́wàá,
báwo lẹ ṣe fọkàn tán báǹkì náà tó?"
Ó ní, "Èwo ló dára níbẹ̀, oókan àbí ẹẹ́wàá?"
Mo ní ẹẹ́wàá.
Ó ní, "Màálù wa, ẹyọ kan ni. Ó dára gan-an."

Ó mú mi lọ wo ojú omi tí wọ́n fi kọnkéré mọ.
Lọ́dún kìíní, omi dé ìdí ọ̀dùnkún wọn;
Sagynbek ọkọ rẹ̀ bọ́ bàtà sétí bèbè,
ó dúró sínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rin ní gìgísẹ̀.
Òtútù ọdún kejì la kọnkéré náà bí igbá.

"Wọ́n ní ó yá, àwa náà ní ó yá.
Owó yá, iṣẹ́ yá, bíbàjẹ́ rẹ̀ náà yá.
Sísan nìkan ni kò yá.
Ẹni tó kọ́ ọ ti lọ. Ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ ti lọ.
Gbèsè jókòó de Ermek."
Ermek, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ń sọ òkúta
síbi tó yẹ kí omi wà.

"Ṣùgbọ́n má kọ ibi nìkan. Ọdún kan yẹn,
ọ̀dùnkún wa tóbi bí orí ọmọ tuntun.
Sagynbek kú kí òtútù náà tó dé.
Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Nọ́ńbà wo lẹ̀ ń pe ìyẹn?"

Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ń ṣẹ́jú sí mi lọ́wọ́.
Kò sí àyè fún bàtà tí a bọ́ sétí omi.
Ẹ̀rọ gba èrò, kò gba ìtàn.
Ẹni tó bá dákẹ́, ẹni tí kò mọ̀, ẹni tó mọ̀ jù,
nọ́ńbà kan náà ni wọ́n kọ́ wa pé ká tẹ̀:
ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i.
"Ọ̀gá tó wà nílùú ńkọ́, èló ló mú?"
Mo ní mẹ́sàn-án.
Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi yọ̀.
"Tèmi ju tirẹ̀ lọ nìyẹn."

N kò sọ fún un pé bí wọ́n bá dé ìdí ìṣirò,
yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún kúrò.

Ó di wàrà gbígbẹ fún mi, ó le bí òkúta.
Ó bi mí bóyá wọ́n á tún rán ènìyàn wá.
Mo ní lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.
"Kó jẹ́ oṣù kẹsàn-án," ó ní,
"nígbà tí a bá ń wa ọ̀dùnkún."