Abẹ́ Ọ̀dà

Mo gbé e wá sí Àtìkórí nínú àpò ìrẹsì,
orí rẹ̀ yọ síta bí orí adìẹ tí wọ́n ń gbé rọjà.
Bísíríyù tí í kun mọ́tò wò ó, ó rẹ́rìn-ín:
"Ṣé kí n kùn ún ni, àbí kí n sin ín?"

Ọ̀dà pupa ti ń ṣí lára rẹ̀ bí èépá egbò.
Okùn mẹ́rin ló kù nínú mẹ́fà.
Ìpáàrà ti jẹ irin tí í gbóhùn,
bọ́tìnì kan sì ti sọnù tipẹ́,
ìdérí ìgò mínírà ni bàbá mi fi dípò rẹ̀.

Bàbá mi, Odùṣọ̀gà onígìtá,
ohun tó ń sọ títí ọjọ́ alẹ́ fi lẹ́ ni pé
"Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ra èyí.
Òyìnbó ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ."
Àwa ọmọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.
Ìyá mi ní tiẹ̀ a máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ
bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ò ju kó dán lọ:
búlúù, bí ọkọ̀ ìjọba tuntun,
kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè tẹlifíṣàn,
kí àlejò béèrè, kí n ròyìn Lọ́ńdọ̀nù.

Bísíríyù tú síkùrù sínú agolo mílíìkì.
Ó yọ wáyà, ó yọ ọrùn, ó rẹ sánpépà sómi,
ó ń ha á, ṣáà-ṣáà, ṣáà-ṣáà,
omi pupa ń ṣàn gba ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.
Abẹ́ pupa, a bá dúdú.
Abẹ́ dúdú, a bá àwọ̀ ewé,
irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí.
Ó ní, "Bàbá yìí ò ṣeré.
Bí ẹni ń dá ẹ̀wù ọdún fún ìyàwó."

Nígbà tó kan igi, ó dákẹ́.
Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó fi nù ún, ó gbóòórùn rẹ̀.
"Irin yìí wọkọ̀ òkun wá, mi ò jiyàn.
Ṣùgbọ́n ọ̀gànwó lèyí. Ọ̀gànwó tiwa tibí."

Nínú ihò tí wáyà máa ń sá pamọ́ sí,
a rí ìkọ̀wé pẹ́ńsù, pẹ́ńsù káfíńtà tó sanra:
"Ti Odùṣọ̀gà. Ọ̀ṣínọ́wọ̀ ló gbẹ́ ẹ, Jàpárá.
Pọ́n-ùn mẹ́ta. Ó san ọ̀kan.
Ó ku méjì."

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín.
Lẹ́yìn náà mo wá táyà kan jókòó lé.
Ìjẹ̀bú ọmọ Ìjẹ̀bú,
ẹni tí í ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kúrò níwájú ọlọ́jà,
ló gbé gbèsè lé àyà fún ogójì ọdún!
Gbogbo alẹ́ tó gbé e kọ́rùn, l'Ágọ̀-Ìwòyè, ní Ìjẹ̀bú-Òde,
pẹ́ńsù Ọ̀ṣínọ́wọ̀ ń bẹ níkùn rẹ̀, ó ń ka owó.

Mo lọ sí Jàpárá lọ́jọ́ kejì.
Ọ̀ṣínọ́wọ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ta ìṣó àti gúlùù
ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan náà.
Mo nawọ́ owó sí i. N kò mọ bí wọ́n ti í ṣírò
pọ́n-ùn méjì ayé ìgbà yẹn.
Ó wò mí pẹ́. Ó ní,
"Bàbá mi a máa sọ pé gìtá kan wà nílùú yìí
tí òun gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní ti òyìnbó.
A ò gbà á gbọ́. A ní arúgbó ń ṣarán."
Kò gba owó. Ó ní kí n ra ìṣó.
Mo ra kílò méjì.

Bísíríyù kùn ún ní búlúù, mo kúkú ti sanwó ọ̀dà.
Inú ihò yẹn nìkan ló fi téèpù bò kí ọ̀dà má bàa dé ibẹ̀.
Nínú ìṣó kílò méjì, ẹyọ kan ni mo lò.
Ó wà lára ògiri báyìí, ó ń dán, mo ń rí imú mi nínú rẹ̀.

Àlejò kan dé lánàá, ó béèrè ibi tó ti wá.
Mo ní, "Jàpárá."
Ó ní, "Jàpárá ti ìlú òyìnbó wo?"